Ọgbà ẹ̀yìnkùlé nínú òjò oṣù kẹfà: ṣé ebi ló ń pa ẹ̀fọ́ ni, àbí omi?

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú òjò. Ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10 ló wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ìlá àti tòmátò la gbìn sí i, gbogbo rẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, a ò kọ ebè. Láti ìgbà tí oṣù kẹfà ti wọlé ni ojú ọjọ́ ò ti dúró sójú kan: òjò láàárọ̀, ooru lọ́sàn-án, òtútù lálẹ́. Ó lè dá fún ọjọ́ mẹ́ta, kó tún wá rọ̀ mọ́jú. Ewé tẹ̀tẹ̀ ń pọ́n, orí àwọn kan sì ń rà. Tòmátò ń rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé kò rómi mu, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tutù rinrin. Ẹnì kan ní kí n fọ́n fatiláísà, ẹnì kejì ní eérú ni, ẹnì kẹta ní kí n má fọwọ́ kàn án títí òjò á fi dá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

---

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìkẹ́nnẹ́

Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́. Mú ọkọ́, kí o la poro. Fatiláísà lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, omi tó gúnlẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́ ò ṣe é fi di ọ̀la.

Ilẹ̀ wa láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, yanrìn pupa ló pọ̀ jù lójú rẹ̀, omi sì tètè ń wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé omi kì í dúró nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí o bá gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀, wàá bá ibi tí amọ̀ ti ki. Ẹ̀yìnkùlé sì burú ju oko lọ, torí àwọn tó kọ́lé ti fi ẹsẹ̀ àti bárò tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, omi orí páànù sì ń dà sí i lórí. Oṣù kẹfà àti ìkeje ni òjò máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Á wá fà sẹ́yìn ní ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹjọ, kó tó tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Omi tí ilẹ̀ ń gbé mì wẹ́rẹ́ nígbà òjò àkọ́rọ̀, kò ní lè gbé e mì mọ́ nísinsìnyí.

Dán an wò báyìí. Gbẹ́ ihò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Bu omi kún un, jẹ́ kó fà, kí o tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi kejì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 12, inú omi ni gbòǹgbò ẹ̀fọ́ rẹ ń gbé. Gbòǹgbò ń mí. Tí omi bá ti dí gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà wọlé, gbòǹgbò ò sì ní lè fa omi tàbí oúnjẹ tó wà nítòsí rẹ̀. Ohun tó ń mú kí tòmátò rọ nínú omi nìyẹn, bí kò bá jẹ́ àrùn tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Ilẹ̀ mítà 10 gba ebè mẹ́fà gẹ́lẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 1.2, pẹ̀lú poro méje tó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn. Má jẹ́ kí ebè fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọwọ́ rẹ lè dé àárín rẹ̀ láìjẹ́ pé o gun orí rẹ̀. Ilẹ̀ tí o bá kó jáde nínú poro ni kí o fi gbé ebè ga tó 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, torí òjò á tún wó o wálẹ̀ díẹ̀. Kọ ebè dábùú ibi tí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ́ sí, kí o sì jẹ́ kí poro tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sápá kan kí omi lè máa fi jẹ́jẹ́ jáde. Bí o bá kọ ọ́ tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ́, omi á sáré, á sì kó ilẹ̀dú rẹ lọ.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Má hú ìlá àti tòmátò. La poro sáàárín ìlà wọn, kí o fi ilẹ̀ rẹ̀ wa ìdí wọn. Ní ti tẹ̀tẹ̀, fa èyí tó ṣe é jẹ, kí o kọ ebè síbẹ̀ kí o tó tún gbìn.

---

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá Ọlọ́gbà, ẹ kú àlàyé. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí poro. Ibi tí mi ò ti gbà ni pé kí ó fi oúnjẹ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nílẹ̀ kí a tó fà á tà. Tí ebi bá fi pa á fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní ga mọ́, á kàn máa sáré yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì le. Yanrìn ò di oúnjẹ mú. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀ léraléra, èyí tí a fún un lóṣù kárùn-ún ti jìn kọjá ibi tí gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ lè dé. Àwọn tó ń kó ẹ̀fọ́ wá sí ọjà Òkè-Àjẹ́ mọ èyí dáadáa.

Ìgbẹ́ adìyẹ ni kí ọmọ náà wá. Ìgbẹ́ tútù ò dáa, á jó gbòǹgbò. Kí ó kó o jọ síbi tí òjò ò ti ní pa á, kó bò ó, kó máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò gbóná mọ́, tí kò sì ta sí imú mọ́, ó ti jinná. Kílò kan ni fún ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó. Ebè yín tó fẹ̀ ní mítà 1.2, tó gùn ní mítà 10 yẹn, á gba kílò 12, ìyẹn bí ìdajì àpò kílò 25. Ebè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á gba àpò mẹ́ta. Kó pò ó mọ́ ilẹ̀ níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kó fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó gbin nǹkan sí i. Fífọ́n tí àwọn kan ń fọ́n ọn sójú ebè lásán, inú poro ni òjò máa ń gbá a lọ.

---

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìkẹ́nnẹ́

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ ṣeun. Ẹ̀fọ́ yín ń jẹun torí pé orí ebè ló wà. Ti ọmọ yìí wà ní pẹrẹsẹ. Oúnjẹ tí a bá fún ẹ̀fọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rà, òjò la fún.

Bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ rèé. Ìwọ ọmọ Ìlíṣàn, fi ṣọ́bìrì hú tẹ̀tẹ̀ méjì mẹ́ta láti ibi tó yàtọ̀ síra, má fà á já. Fọ gbòǹgbò wọn. Bí gbòǹgbò bá funfun, tó ní irun wẹ́wẹ́ púpọ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn ewé àgbà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n nígbà tí tòkè ṣì tutù yọ̀yọ̀, ebi ni. Bí gbòǹgbò bá pọ́n bí ilẹ̀, tó rọ̀, tí awọ rẹ̀ ń bọ́ sí ọ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ ò dára, omi ni. Bó bá wá jẹ́ ewé tuntun lókè ló ń ṣì, tí iṣan ewé nìkan ṣì dúró ní àwọ̀ ewé, béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé bóyá wọ́n ti ń da eérú síbẹ̀, torí eérú tó pọ̀ jù lè fà á.

Tó bá jẹ́ ebi, tí kò sì sí ìgbẹ́ adìyẹ tó jinná nílé, fatiláísà tí wọ́n kọ NPK 15-15-15 sára àpò rẹ̀ ni kí o lò. Gírámù 20 sí 30 ló tọ́ sí mítà kan níbùú lóròó, nítorí náà ebè kan á gba bí gírámù 300, tó tó agolo mílíìkì olómi méjì. Má fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Fún un ní agolo kan nísinsìnyí, kí èkejì di ọjọ́ 10. Fi igi fa ìlà tó jìn tó 5 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ẹ̀fọ́, tú u sínú rẹ̀, bò ó. Ẹ̀yìn òjò ni kí o ṣe é, nígbà tí omi ti fà tí ewé sì ti gbẹ. Fatiláísà tó bá lẹ̀ mọ́ ewé tútù á jó o. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, gbé agolo rẹ padà sílé. Fún ìlá, ìdérí ìgò míníràlì kan, tó gba bí gírámù 5, ti tó fún igi kan. Fi yí i ká, kó jìnnà sídìí rẹ̀ tó 8 sẹ̀ǹtímítà.

---

Àgbẹ̀ Ṣàgámù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé orí tó ń rà, torí òun ló ń yára jù. Bí orí tẹ̀tẹ̀ bá dúdú, tó rí bí ohun tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí irun wẹ́wẹ́ sì hù lé e lórí pẹ̀lú dúdú róbótó ní ṣóńṣó irun kọ̀ọ̀kan, èbu tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Choanephora ni. Ó nífẹ̀ẹ́ ìgbà òjò tí ooru àti ọ̀rinrin jọ pàdé. Ọgbẹ́ ara ewé àti òdòdó tó ti rẹ̀ ló sábà ń gbà wọlé. Ẹ̀fọ́ tó há mọ́ra àti èyí tí wọ́n fi yùríà (fatiláísà tó ń mú ewé yára hù) bọ́ ní àbọ́jù ló máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí ara wọn rọ̀, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Gé gbogbo orí tó ti ń rà, kí o gé e dé ibi tí igi rẹ̀ ti mọ́. Kó o sínú àpò, gbé e jáde nínú ọgbà, má fi í sílẹ̀ nínú poro. Lẹ́yìn náà, fa ẹ̀fọ́ díẹ̀ jáde láàárín kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Má wọ ọgbà nígbà tí ewé ṣì tutù, torí aṣọ àti ọwọ́ rẹ ló máa gbé e láti ibì kan débòmíràn. Bó o bá ń gé tẹ̀tẹ̀ kó lè tún rú, fi ọ̀bẹ mímú gé e, fi igi tó ga tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kó sì jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn yọ kí ojú ọgbẹ́ lè tètè gbẹ. Fífi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ ń fa igi rẹ̀ ya.

Ọ̀rọ̀ eérú. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé oògùn ni fún gbogbo nǹkan. Eérú igi ń fúnni ní pọ́táṣíọ̀mù àti kálíṣíọ̀mù, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù, èyí tó dára nílẹ̀ yanrìn tí òjò ti fọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ṣùgbọ́n kò ní náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, rárá, nítorí náà kò lè wo ewé tó pọ́n torí ebi sàn. Ìkúnwọ́ kan sí mítà kan níbùú lóròó, lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà òjò, ó tó. Níbi tí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì bá ti sún mọ́ òkè ilẹ̀, bíi láwọn apá kan ní Ṣàgámù, kò tiẹ̀ pọn dandan, torí òkúta yẹn náà ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Má pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tàbí yùríà láé. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé, náítírójìn á fò lọ sínú afẹ́fẹ́, òórùn tó ń ta sí imú yẹn gan-an ni oúnjẹ ẹ̀fọ́ tó ń lọ. Fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín wọn. Eérú ibi tí wọ́n ti sun ọ̀rá àti ike, má gbé e wọ inú ọgbà.

---

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti hú u wò. Tẹ̀tẹ̀ apá òkè ní gbòǹgbò funfun, ti apá ìsàlẹ̀ pọ́n, ó sì ń rùn. Omi inú ihò ò tíì fà tán títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ poro. Ó ku tòmátò, ewédú tí ìdajì rẹ̀ ò hù, àti kòkòrò tó ń lu ewé ìlá wọ́nwọ́n. Wọ́n tún ń tọ́ka sí oògùn inú ìgò kékeré kan fún mi pé kí n fọ́n.

---

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìkẹ́nnẹ́

Tòmátò lákọ̀ọ́kọ́. Hú èyí tó rọ jù. Gé igi rẹ̀ ní nǹkan bíi 10 sẹ̀ǹtímítà sókè ìdí, mú ègé tó gùn tó ìka ọwọ́, fi okùn so ó rọ̀ sínú gíláàsì omi tó mọ́ kedere, kó má kan ìsàlẹ̀. Dúró fún ìṣẹ́jú 5. Bí nǹkan funfun bí okùn wàrà bá ń ti ojú ibi tí o gé sọ̀ kalẹ̀, bakitéríà tó ń mú tòmátò rọ ni. Kò sí oògùn rẹ̀, ẹni tó bá tà á fún ọ kàn gba owó rẹ ni. Hú gbogbo èyí tó mú pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kó o lọ síbi tó jìnnà, má jù ú sórí ààtàn tí o ń pò fún ajílẹ̀. Fi omi tí bílíìṣì wà nínú rẹ̀ fọ ọkọ́ kó o tó gbé e lọ sórí ebè mìíràn. Poro ibẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣàn gba ìdí ata kọjá, torí omi ni bakitéríà yìí ń bá rìn. Tòmátò, ata, ìgbá àti ọ̀dú, ìdílé kan náà ni wọ́n. Má gbin ìkankan síbẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta, gbin àgbàdo.

Bí kò bá sí okùn wàrà, wo ìdí igi lójú ilẹ̀. Òwú funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú hóró róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ wẹ́wẹ́, èbu mìíràn nìyẹn. Koríko gbígbẹ tó fara kan igi ló ń bọ́ ọ. Hú igi náà, kó koríko kúrò lára àwọn tó kù. Bí kò bá sí èyí náà, omi lásán ni, poro rẹ á sì wò ó.

Èyí tó bá yè, fi ọ̀pá tó ga tó mítà 1.5 tì í lẹ́yìn, gé gbogbo ewé tó wà láàárín ilẹ̀ àti 30 sẹ̀ǹtímítà, torí òjò máa ń ta ilẹ̀ sí wọn lára, inú ilẹ̀ yẹn sì ni àrùn ewé ń gbé. Fi koríko gbígbẹ tẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí igi tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

---

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ká má gbin tòmátò sínú òjò oṣù kẹfà ló dáa jù. Ẹni tó fẹ́ rí i jẹ, kó fọ́n irúgbìn sí nọ́sìrì abẹ́ ìbòrí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù keje, lẹ́yìn tí ọdún Agẹmọ, ọdún òrìṣà wa ní Ìjẹ̀bú, bá ti parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó lọ́ ọ lọ sórí ebè. Ìgbà tó bá ń so lóṣù kọkànlá, òjò àrọ̀kúrò ti ń lọ, ewé rẹ̀ á gbẹ, á sì pọ́n dáadáa.

---

Àgbẹ̀ Ṣàgámù

Òótọ́ ni Ìyá sọ, àmọ́ ẹni tí tiẹ̀ ti wà nílẹ̀, kó má hú èyí tí kò ṣàìsàn.

Ìgò kékeré yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ̀fọn àti aáyán ni, má fọ́n ọn sí ẹ̀fọ́ o! Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀. Májèlé ni fún ẹni tó ń fọ́n ọn àti ẹni tó máa jẹ ẹ́, àjọ NAFDAC sì ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà láti ọdún 2019. Ewé la ń jẹ nínú tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Kò sí èèpo tí a máa bó dànù.

Kòkòrò tó ń fò bí eégbọn, tó ń lu ewé ìlá ní ihò wẹ́wẹ́, ìgbà tí ìlá ṣì kéré ló léwu jù. Ìlá tó ti ní ewé mẹ́fà lè fara dà á. Mú kílò kan ewé dóńgóyárò tútù, gún un, rẹ ẹ́ sínú omi lítà 5 mọ́jú, fi aṣọ sẹ́ ẹ, po ṣíbí ìjẹun kan ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Èso rẹ̀ lágbára ju ewé lọ. Gírámù 500 èso gbígbẹ tí a gún ti tó fún omi lítà 10. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o fọ́n ọn, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, kó o sì dé abẹ́ ewé. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, ó ń ba ẹnu oúnjẹ jẹ́ fún un, nítorí náà má retí òkú kòkòrò nílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní òru yẹn, á fọ̀ ọ́ lọ. Tún un ṣe. Bí kò bá rọ̀, ọjọ́ 5 sí 7 ni kó o tún padà sí i.

---

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ewédú tí kò hù, èèpo irúgbìn rẹ̀ ló le, kì í ṣe pé ó ti kú. Di irúgbìn sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10 péré, kó o gbé e bọ omi tútù kíá. Sá a níbòji kó lè gbẹ díẹ̀, gbìn ín lọ́jọ́ náà. Bó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, ó ti sè nìyẹn. Irúgbìn tí a kò ṣe báyìí fún á máa hù lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ewédú rẹ ò sì ní dọ́gba.

Bí ewédú tó hù bá ràn pátápátá, hú u kó o wo gbòǹgbò rẹ̀. Kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ túmọ̀ sí aràn inú ilẹ̀ tí ojú ò lè rí. Ilẹ̀ yanrìn ló fẹ́ràn jù. Má gbin ewédú, ìlá tàbí ṣọkọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ló ń jẹ. Gbin ẹ̀pà.

---

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Ewùrà tí wọ́n ń gbìn fún ìkọ́kọrẹ́ nílé wa, ewé rẹ̀ ti ń ní àmì dúdú, orí ìtàkùn ń kú. Eérún pákó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbi tí wọ́n ti ń lagi. Ṣé ó dáa láti fi tẹ́ ilẹ̀?

---

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìkẹ́nnẹ́

Àmì dúdú tó ń tẹ̀lé iṣan ewé ewùrà, tó wá ń mú ìtàkùn dúdú, àrùn òjò ni, ewùrà sì ni iṣu tó máa ń mú jù. Kò sí bí a ṣe lè wo ewé tó ti mú sàn. Ìtàkùn tó sùn sílẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ gbà là. Fi ọ̀pá tó ga tó mítà 2 gbé e dìde, kí ewé lè máa tètè gbẹ lẹ́yìn òjò. Ro ìdí rẹ̀, má sì bá a ṣiṣẹ́ nígbà tí ewé ṣì tutù. Bí òjò bá ti wó ebè tí orí iṣu yọ síta, wa ilẹ̀ bò ó padà. Nígbà ìkórè, má mú èbù lára èyí tó ṣàìsàn.

Eérún pákó tútù, má pò ó mọ́ ilẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ kó lè jẹrà á gba náítírójìn ẹ̀fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ewé á sì pọ́n. Fi sílẹ̀ nínú òjò fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, títí á fi dúdú. Àwọn kan ń kó o sínú poro kí ẹsẹ̀ má bàa ki ẹrẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn lóṣù kẹfà. Á dí omi lọ́nà. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tí omi ò gbà kọjá, tú u síbẹ̀.

---

Ọmọ Ìlíṣàn

Bàbá, poro ti parí ní ebè mẹ́ta, omi sì ń jáde. Ṣé kí n tún tẹ̀tẹ̀ gbìn lọ́sẹ̀ yìí, àbí kí n dúró de ìgbà tí òjò á fà sẹ́yìn lóṣù kẹjọ?

---

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìkẹ́nnẹ́

Gbìn ín. Ebè kan lọ́sẹ̀ kan, má gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, kí òjò kan ṣoṣo má bàa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣíbí tíì méjì irúgbìn tó fún ebè kan. Po ó mọ́ agolo mílíìkì mẹ́rin yanrìn gbígbẹ kó lè tú ká dọ́gbadọ́gba. Fa ìlà tí kò jìn ju 1 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí àárín ìlà tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Kí o má fọ́n ọn wúruwùru, torí èyí tó há mọ́ra ni èbu máa kọ́kọ́ mú. Fi ilẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́.

Gé imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí ẹ̀kán òjò má bàa hú irúgbìn síta. Láti ọjọ́ kẹta ni kó o ti máa ṣí i wò láàárọ̀. Bí o bá ti rí i pé ó ń hù, ká imọ̀ kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí o bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á gùn, á tẹ́ẹ́rẹ́, òjò tó bá sì rọ̀ á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìgbín àti ọ̀kùn á ti wà lábẹ́ imọ̀ tí o ká, ṣà wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, fa èyí tó pọ̀ jù jáde kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà síra tó 5 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí o fà ṣe é sè.

Bí òjò ńlá bá rọ̀ kó tó hù, tí ojú ebè sì le pákí, fi réèkì họ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìlà, má kan ìlà gan-an. Má sì tún irúgbìn fọ́n lé e kó tó pé ọjọ́ 7.